Ẹni Tó Ń Pe Ìyá Ọláwùmí

Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kó tètè rín in tán ká tó bẹ̀rẹ̀. Ojú ayé ni ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀, kì í ṣe ojú àlá. Mo mọ ilé náà, lọ́nà Ìbà, ní Ọ̀kọ́kọ́máikò. Mo mọ pásééjì tó gùn gbọọrọ láàárín rẹ̀. Mo sì mọ obìnrin tó ṣẹlẹ̀ sí. Kò bẹ̀ mí pé kí n sọ ọ́, kò sì ní kí n má sọ ọ́.

Ìgbà tí wọ́n ń la ọ̀nà ńlá tó lọ sí Àgbádárìgì ni. Owó epo rọ̀bì wà nílùú, katapílà ń wó igbó lójoojúmọ́, eruku pupa sì bo ewé àgbọn títí tí ẹnikẹ́ni ò fi rántí mọ́ pé ewé náà tutù rí. Mùsítúrà, ọmọ Ìséyìn, télọ̀ ni nínú ilé náà. Ẹ̀rọ ìránṣọ kan ṣoṣo ló ní, iwájú ilé ló ń gbé e sí. Ràímì ọkọ rẹ̀ ń wa típà fún àwọn tó ń ṣe ọ̀nà. Kí wọ́n tó pe ìrun Àsùbáà ló ti ń jáde, yóò sì fi kọ́kọ́rọ́ ti ilẹ̀kùn iwájú látìta. Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí, obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́rin. Rẹ̀mílẹ́kún ni wọ́n sọ ọ́, ṣùgbọ́n Rẹ̀mí ni gbogbo ilé ń pè é.

Rẹ̀mí lẹ́kọ̀ọ́. Mùsítúrà kì í fi ẹ̀kọ́ ọmọ ṣeré. Bí àgbà bá pè, dáhùn. Bí àlejò bá wá béèrè ẹni tí kò sí, má ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Sọ fún un pé kò sí, kí ó má baà dúró lásán. Ọmọ náà gbọ́ ẹ̀kọ́ yìí ju bó ṣe yẹ kí ọmọdé gbọ́ ọ lọ.

Lẹ́yìn Rẹ̀mí, inú Mùsítúrà dákẹ́. Ọdún kan, ọdún méjì, ọdún mẹ́ta. Àwọn ará ilé ń tù ú nínú pé ọlọ́mọ kan ti kúrò lágàn. Ọ̀rọ̀ yẹn a sì máa bí i nínú. Ó ní, "Ẹni tó jẹun lánàá, ṣé ebi kì í pa á lónìí ni?"

Nígbà tó yá, kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn mọ́. Ó gbọ́ nípa dókítà kan ní Yaba tó ń tọ́jú àwọn tó ń wá ọmọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Bọ́ọ̀sì kan dé Máìlì Tú, òmíràn wọ inú Èkó, Rẹ̀mí lẹ́yìn rẹ̀, oorun lójú ọmọ náà. Wọ́n á jókòó lórí bẹ́ǹṣì láti àárọ̀ títí oòrùn yóò fi kan àtàrí. Rẹ̀mí á máa jẹ búrẹ́dì, á sì máa fi ohùn òkè béèrè pé, "Màámi, kí lẹ ṣe tí wọ́n fi ń gún yín lábẹ́rẹ́?" Gbogbo bẹ́ǹṣì á bú sẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ tí wọ́n fa oògùn sí i nílé-ọmọ, tí wọ́n ya fọ́tò inú rẹ̀, ìrora náà mú un gbọ̀n bí ẹni tí òtútù ń pa. Wọ́n ní kó sinmi. Ó pọn ọmọ rẹ̀, ó wọ bọ́ọ̀sì, ó padà délé, ó sì rán yunifọ́ọ̀mù ọmọ iléèwé méjì kí ilẹ̀ tó ṣú. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ má bá mi wá ẹni tó ń bẹ̀rù nínú rẹ̀.

Dókítà fún un ní hóró oògùn tí yóò máa lò fún ọjọ́ márùn-ún lóṣooṣù. Nọ́ọ̀sì tí wọ́n ń pè ní Sístà Ọ̀ṣúnkẹ́mi wá mú tẹmómítà jáde, gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń wo ibà, pẹ̀lú bébà kan tí wọ́n fa ilà sí níbùú àti lóròó.

"Láàárọ̀," Sístà ní, "kí ẹ tó dìde, kí ẹ tó tutọ́, kí ẹ tó bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, ẹ fi sábẹ́ ahọ́n. Ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ fi bírò tọ́ ibi tó bá dé sórí bébà yìí. Ọjọ́ tí ara yín bá gbóná díẹ̀ sí i, ẹyin ti jáde nìyẹn. A fẹ́ mọ ọjọ́ náà."

"Bí wọ́n bá kí mi ńkọ́?"

"Ẹ má dá wọn lóhùn."

"Sístà. Ṣebí ọmọ Yorùbá ni yín."

Sístà rẹ́rìn-ín. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìkíni sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún péré."

Nínú bọ́ọ̀sì tó gbé wọn padà lọ́jọ́ náà, orúkọ kan sọ sí Mùsítúrà lọ́kàn. Ọláwùmí. Bí ọmọ náà bá dé, Ọláwùmí ni yóò máa jẹ́. Kò sọ fún Ràímì. Kò sọ fún ìyá tó bí i. Kò tilẹ̀ sọ ọ́ jáde lẹ́nu nígbà tó dá wà. Ọmọ tí kò tíì dé, ta ní í pariwo orúkọ rẹ̀?

Àárọ̀ ọjọ́ kẹsàn-án tó ti ń lo tẹmómítà ni wọ́n kọ́kọ́ pè é.

Ràímì ti jáde. Ojú sánmà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń funfun ni. Mùsítúrà dùbúlẹ̀, ó pa ẹnu dé lórí tẹmómítà. Rẹ̀mí ń sùn lórí ẹní. Ẹnì kan dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá wọn.

"Ìyá Ọláwùmí."

Ohùn náà kò le, kò sì rọ̀. Kò ṣeé mọ̀ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Ó sún mọ́ pákó ilẹ̀kùn bí ohùn ẹni tó fẹnu tì í.

"Ìyá Ọláwùmí."

Mùsítúrà rò pé ẹnì kan ló ṣi ilé. Lọ́dọ̀ wa, bí obìnrin bá ti bímọ, orúkọ tirẹ̀ wọlé lọ sùn nìyẹn. Orúkọ àkọ́bí rẹ̀ ni wọn yóò máa fi pè é. Ìyá Rẹ̀mí ni òun. Kò sì sí Ọláwùmí kankan nínú gbogbo yàrá mẹ́jọ tó wà nílé náà. Wọ́n pè é lẹ́ẹ̀kẹta. Lẹ́yìn náà, ó dákẹ́.

Ó ka ìṣẹ́jú rẹ̀ pé, ó tọ́ bírò sórí bébà, ó wá ṣí ilẹ̀kùn. Kò sí ẹnì kan. Ó rìn dé iwájú, kọ́kọ́rọ́ Ràímì wà níbẹ̀ bó ṣe tì í. Ó rìn dé ẹ̀yìn, irin ilẹ̀kùn wà ní ipò rẹ̀. Nígbà náà ló rántí pé pásééjì yẹn, bí adìyẹ bá gba inú rẹ̀ kọjá, èèyàn á gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì. Kò gbọ́ ẹsẹ̀ ẹnì kan tó wá, kò gbọ́ ẹsẹ̀ ẹnì kan tó lọ. Lẹ́yìn èyí ló tó rántí orúkọ tí wọ́n pè. Òun nìkan ló mọ̀ ọ́n.

Ìyá Fáòsíátù ló ń gbé yàrá tó kọjú sí tiwọn. Ó ti lé díẹ̀ ní àádọ́ta ọdún, ọṣẹ ló ń tà, ọkọ rẹ̀ sì ń ṣe ọlọ́dẹ lóru. Fáòsíátù ọmọ rẹ̀ ti lọ́kọ ní Ìjanikin, ó sì ti bí méjì. Obìnrin náà gbọ́n, ó fẹ́ràn Mùsítúrà, ṣùgbọ́n bó bá sùn, katapílà ò lè jí i. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Mùsítúrà gbé ọ̀rọ̀ lọ.

"Ẹnì kan ń pè mí láàárọ̀, mi ò rí i."

Ìyá Fáòsíátù gbé ọṣẹ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Ṣé o dáhùn?"

"Tẹmómítà wà lẹ́nu mi."

"Nǹkan yẹn ló gbà ọ́. Bí wọ́n bá pè ọ́, tí o ò rí ẹni tó pè ọ́, má dáhùn. Láéláé."

"Bó bá jẹ́ ire ńkọ́?"

"Ire a máa yọjú."

Mùsítúrà dúpẹ́. Kò sọ orúkọ tí wọ́n fi pè é.

Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń pè é láti ìgbà náà, ẹ̀ẹ̀mẹta, ní àkókò tí gíláàsì bá ti wà lábẹ́ ahọ́n rẹ̀. Oṣù kan kọjá, èkejì kọjá. Àmì orí bébà náà kò gòkè, ó tẹ́ pẹrẹsẹ. Ó ń lo oògùn, ó ń gbọ́únjẹ fún ọmọ, ó ń ránṣọ, ó ń gbọ́ ìpè. Ẹ̀rù rẹ̀ ń dín kù, nǹkan mìíràn sì ń wọlé dípò rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ọmọ náà ló ń wá ilé ńkọ́? Bó bá jẹ́ pé ẹnì kan ló gbé e wá, tó ń wá ẹni tí yóò gbà á? Ta ni yóò máa kanlẹ̀kùn títí láé fún ẹni tí kò dáhùn?

Oṣù kẹta, dókítà yẹ bébà náà wò, ó ka ọjọ́ tó wà lórí rẹ̀. "Ọ̀sẹ̀ yìí ni ẹyin yóò jáde," ó ní. "Ẹ múra."

Ọ̀sẹ̀ náà gan-an ni ìpè bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Lọ́jọ́ Ajé, ẹ̀ẹ̀mejì. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ẹ̀ẹ̀kan péré, ohùn náà sì lọ sílẹ̀, bí ohùn ẹni tó ti rẹ̀.

Mùsítúrà fi gbogbo ọjọ́ náà ránṣọ. Nígbà tó di àṣálẹ́, ó ti pinnu. Ì báà jẹ́ ikú ló ń pe òun, òun ó dáhùn lọ́la.

Nígbà tó di ìdájí, ó fi tẹmómítà sílẹ̀ nínú páálí rẹ̀. Ó jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, ó kọjú sí ilẹ̀kùn. Àwọn ọ̀pọ̀lọ́ inú ọ̀gọ̀dọ̀ ẹ̀yìn ilé ti dákẹ́. Katapílà kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó gbọ́ èémí ọmọ rẹ̀ lórí ẹní, ó gbọ́ tirẹ̀ náà.

"Ìyá Ọláwùmí."

Ó ya ẹnu. Nǹkan kan ò jáde. Ahọ́n rẹ̀ wúwo, àfi bíi pé gíláàsì náà ṣì wà lábẹ́ rẹ̀. Ó tún gbìyànjú. Ẹni tó ti fara gba abẹ́rẹ́ bíi mélòó kan láì pariwo, ohùn wá di nǹkan tí kò rí lò.

Rẹ̀mí dìde jókòó. Ojú rẹ̀ ṣì wà ní dídì. Ó fi ohùn tó já gaara dáhùn, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ.

"Ìyá Ọláwùmí ò sí níbí o. Ìyá Rẹ̀mí ló ń gbé ibí."

Ó pẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà, fún ìgbà àkọ́kọ́, Mùsítúrà gbọ́ ẹsẹ̀. Àtẹ́lẹsẹ̀ lásán, lórí sìmẹ́ǹtì. Ẹsẹ̀ méjì, mẹ́ta. Ó yí padà, ó sì dúró ní ọ̀kánkán.

"Ìyá Ọláwùmí."

Láti inú yàrá kejì, ohùn Ìyá Fáòsíátù dáhùn, oorun kún inú rẹ̀. "Ẹ̀ẹ́n. Mò ń bọ̀."

Mùsítúrà já ilẹ̀kùn ṣí. Pásééjì ṣófo. Ilẹ̀kùn Ìyá Fáòsíátù wà ní títì, obìnrin náà sì ń hanrun nínú ilé.

Ó yíjú padà sí Rẹ̀mí. Ọwọ́ rẹ̀ ti wà lókè. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́: ó fẹ́ gbá ọmọ náà, inú bí i sí i ní ìṣẹ́jú yẹn bí kò ṣe bí i sí ẹnikẹ́ni rí. Rẹ̀mí wò ó.

"Màámi, ṣé mi ò dáhùn dáadáa ni?"

Ọwọ́ náà wálẹ̀. Ó gbé ọmọ rẹ̀, ó fi sáyà, ó sunkún títí ilẹ̀ fi mọ́. "O dáhùn dáadáa," ó ní. "Bí mo ṣe kọ́ ọ náà ni."

Nǹkan oṣù rẹ̀ dé ní ọjọ́ kẹrìnlá sí àárọ̀ náà. Kò sí ẹni tó pè é mọ́.

Lẹ́yìn oṣù méjì, Ìyá Fáòsíátù bẹ̀rẹ̀ sí í tutọ́ káàkiri. Kò lè gbóòórùn ọṣẹ tó ń tà mọ́. Obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dáwọ́ dúró láti ọdún mẹ́ta. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó wọ yàrá Mùsítúrà, ó jókòó sílẹ̀, ó fi gèlè bo ojú.

"Mùsí, kí ni kí n wí fún àwọn ọmọ mi? Ìyá arúgbó lóyún?"

Mùsítúrà jókòó tì í. "Ìyá, ẹ rántí ìdájí ọjọ́ kan tí ẹnì kan pè yín?"

"Ta ló pè mí?"

"Ẹ dáhùn. Mo gbọ́ yín."

"Èmi? Kí n dáhùn ẹni tí mi ò rí? Ṣé orí mi dàrú ni?" Tọkàntọkàn ló fi sọ ọ́, kò purọ́.

Mùsítúrà jowú. Kò sí orúkọ mìíràn tí mo lè pè é. Ó ń wo ikùn yẹn bó ṣe ń yọ, ó ń ṣe bí ẹni tí wọ́n wọ ilé rẹ̀ jà á lólè lójú rẹ̀, tí kò sì lè ké. Ṣùgbọ́n nígbà tó ku oṣù méjì kí obìnrin náà bímọ, ó mú aṣọ funfun, ó rán bùbá kékeré mẹ́rin, ó gbé e kọjá sí yàrá kejì. Wọ́n jọ jókòó, wọ́n jọ ká a.

Obìnrin ni Ìyá Fáòsíátù bí. Ní ọjọ́ kẹjọ, áàfáà fún ọmọ náà ní orúkọ ti ẹ̀sìn, ó wá yíjú sí ìyá rẹ̀ pé orúkọ wo ni tìrẹ. Obìnrin náà ò ronú rárá.

"Ọláwùmí."

Mùsítúrà gbé abọ́ èso dàbínù ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí èrò dín kù, ó béèrè ibi tí wọ́n ti rí orúkọ yẹn.

"Mi ò mọ̀," Ìyá Fáòsíátù ní. "Mo jí lọ́jọ́ kan, ó wà lẹ́nu mi."

Ẹlòmíràn ì bá kó ẹrù rẹ̀ kúrò nílé náà. Ràímì gan-an ní kí àwọn lọ gba yàrá ní Ọ̀tọ̀-Àwórì. Mùsítúrà ní rárá. Bí ẹ̀mí bá wà, ìrètí ń bẹ, ibi tí ohun tí òun ń wá ti ń kọjá sì ni òun ó dúró sí. Ó fa Rẹ̀mí lọ́wọ́, ó padà sí Yaba.

"Kò tíì rẹ̀ yín?" Sístà Ọ̀ṣúnkẹ́mi béèrè.

"Ó ti rẹ̀ mí. Ẹ fún mi ní bébà."

Lọ́tẹ̀ yìí, kò fi orúkọ kankan sọ́kàn. Ó sì pe Rẹ̀mí jókòó, ó tún ẹ̀kọ́ rẹ̀ kọ́. "Ẹnikẹ́ni tó bá pè lẹ́nu ọ̀nà wa láàárọ̀, orúkọ yòówù kó pè, sọ pé ó wà. Sọ pé kó wọlé." Ràímì gbọ́, ó ní irú ẹ̀kọ́ wo nìyẹn.

Ọyẹ́ dé. Ìdájí ọjọ́ kan, ó dùbúlẹ̀, tẹmómítà wà lábẹ́ ahọ́n rẹ̀. Ọláwùmí sunkún ní yàrá kejì, wọ́n fún un lọ́mú, ó dákẹ́. Atẹ́gùn gbígbẹ ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé. Lẹ́yìn náà, atẹ́gùn náà dúró.

Ohùn náà dé. Kò sí lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ọ̀kánkán ló wà, ó kọ ẹ̀yìn sí i, ó sọ̀rọ̀ sí ilẹ̀kùn Ìyá Fáòsíátù.

"Ìyá Rẹ̀mílẹ́kún."

Ó kọ́kọ́ rò pé etí òun ló gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹni tó ń pe orúkọ ọmọ náà tán nínú gbogbo ilé.

"Ìyá Rẹ̀mílẹ́kún."

Mùsítúrà tu gíláàsì náà sílẹ̀, ó fọ́, fàdákà olómi inú rẹ̀ sì yí kiri lórí sìmẹ́ǹtì. Lọ́tẹ̀ yìí, ó pariwo. "Èmi nìyí! Èmi ni ìyá Rẹ̀mílẹ́kún! Ibí ni mo wà!"

Ṣùgbọ́n ohùn méjì ló dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà. Ó gbọ́ tirẹ̀, ó sì gbọ́ èkejì lábẹ́ rẹ̀, ohùn tí oorun kún inú rẹ̀.

Ó já ilẹ̀kùn ṣí. Ìyá Fáòsíátù ti dúró lẹ́nu ọ̀nà tirẹ̀, ìró láyà, ọmọ lọ́mú, ojú rẹ̀ là díẹ̀. Kò sí nǹkan kan láàárín àwọn méjèèjì, àfi sìmẹ́ǹtì.

"Ta ló ń pè mí?" Ìyá Fáòsíátù ní.

Rẹ̀mí ti jí. Ó gba abẹ́ apá ìyá rẹ̀ kọjá, ó sì dúró sí àárín pásééjì, ẹsẹ̀ lásán. Mùsítúrà kúnlẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì sí i.

"Rẹ̀mí. Máa bọ̀."

Ọmọ náà wá. Ṣùgbọ́n ó kọ́kọ́ wo ilẹ̀kùn kejì, ó sì wò ó pẹ́, bí ọmọ tí ìyá méjì pè lẹ́ẹ̀kan náà.